Òjò Tí Kò Sí Nínú Ìwé

Bàbá Òjò ni gbogbo àdúgbò ń pè é, òun náà sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ṣe ni kíka òjò. Agolo gbọọrọ kan wà nínú ọgbà kékeré lẹ́yìn ọ́fíìsì ojú ọjọ́, wọ́n fi wáyà yí i ká kí ewúrẹ́ má baà débẹ̀. Òjò tó bá rọ̀ á kó sínú agolo yẹn. Tó bá di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, Bàbá Òjò á ṣí i, á da omi inú rẹ̀ sínú ife onílà, á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú rẹ̀ á fi bá omi náà dọ́gba, á ka ìlà tó dé, á kọ iye rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, á wá da omi náà nù. Ó parí nìyẹn. Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ ọ̀lẹ ni, kó lọ bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, kó wá sọ bí ìbàdí rẹ̀ ṣe rí fún wa.

Kò fi iṣẹ́ náà ṣeré rárá. Tí omi bá dúró sáàárín ìlà méjì, àwọn mìíràn á kàn yan èyí tó bá wù wọ́n. Òun kọ́. Á nu gíláàsì ojú rẹ̀, á tún un kà. Tí òjò kò bá rọ̀, á kọ òdo. Ohun kan ṣoṣo tí ọ́fíìsì àgbà kò fẹ́ rí sójú ni àlàfo. Ní ọdún tó kọ́kọ́ wọṣẹ́, ó fi àyè ọjọ́ kan sílẹ̀ láìkọ nǹkan kan sí i. Wọ́n dá fọ́ọ̀mù náà padà fún un pẹ̀lú lẹ́tà kan tó ta bí ata. Látìgbà náà, kò sí àlàfo mọ́. Ẹ̀dà fọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ló ń lẹ̀ mọ́ inú ìwé ńlá, ìwé kan fún ọdún kan, ó sì ń tò wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Sọ́ńdè nìkan ló fi ń sinmi.

Ọmọbìnrin méjì ló bí. Alágbàfọ̀ ni ìyàwó rẹ̀, ojú gbangba ni wọ́n sì ń sá aṣọ oníbàárà sí, ẹ̀yin náà á mọ̀ pé obìnrin yìí àti òjò kì í ṣọ̀rẹ́. Ní Sọ́ńdè kan, ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán, ó fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tán, ó dì wọ́n sínú ọ̀rá, ó fẹ́ kí àkọ́bí wọn, ọmọ ọdún mẹ́wàá, gbé e lọ fún oníbàárà kan ní òpópónà kẹta. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ojú ọ̀run, ó yíjú sí ọkọ rẹ̀ tó ń ka ìwé ìròyìn lórí àga.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òjò yìí máa rọ̀?"

Bàbá Òjò kò tilẹ̀ dìde. Ó na ọrùn sí fèrèsé, ó ní, "Kò ní rọ̀. Jẹ́ kó máa lọ."

Ó rọ̀. Yéè! Òjò ọjọ́ yẹn kò ṣẹ́ wẹliwẹli kó tó bẹ̀rẹ̀, ńṣe ló kàn ya lulẹ̀. Ọmọ náà sá sábẹ́ ògiri ọgbà kan kí ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà má baà tutù. Ògiri náà ti sán tipẹ́, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Omi wọ ìdí rẹ̀, ó wó. Nígbà tí wọ́n fi máa wú ọmọ jáde, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Wọ́n bá ọ̀rá ṣẹ́ẹ̀tì náà lábẹ́ àyà rẹ̀. Ẹyọ kan kò tutù nínú wọn.

Látìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, "ẹ" ni ìyàwó yìí ń pe ọkọ rẹ̀. Ì báà máa bínú, ì báà máa ṣàìsàn, "ẹ" ni. Nírọ̀lẹ́ Sọ́ńdè yẹn gan-an, nígbà tí wọ́n sin ọmọ náà tán, ó wo ọkọ rẹ̀ lójú, ó ní, "Ìwọ tí iṣẹ́ ẹ jẹ́ òjò." Ìgbà àkọ́kọ́ tó pè é ní "ìwọ" nìyẹn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó padà sí "ẹ". "Ẹ ti jẹun?" "Omi ìwẹ̀ yín ti wà nílẹ̀." Àmọ́ "ẹ" yẹn ti yàtọ̀. "Ẹ" tí èèyàn ń pe àlejò ni.

Ní Mọ́ńdè, Bàbá Òjò lọ síbi iṣẹ́. Àwọn ará àdúgbò sọ ọ́ lẹ́nu, wọ́n ní ọkàn rẹ̀ le bí òkúta. Wọn ò mọ nǹkan kan. Ẹsẹ̀ ló kàn gbé e lọ. Kò rántí ọ̀nà tó gbà débẹ̀, kò sì rántí ohun tó fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe nígbà tó débẹ̀. Nígbà tí ọdún náà parí, ó fi ọ̀rá wé ìwé ọdún yẹn, ìwé kejìlá, ó fi okùn dì í, ó tì í sí ìsàlẹ̀ pátápátá lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò ṣí i mọ́.

Ibẹ̀ ni wàhálà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ kò kúrò létí rẹ̀, ó sì ń yí i lọ, ó ń yí i bọ̀. Tí òjò bá ní òfin tó ń tẹ̀ lé, a jẹ́ pé ẹni tó ń kà á lójoojúmọ́ yẹ kó ti mọ òfin náà. A jẹ́ pé òun ló pa ọmọ òun. Tí òjò kò bá ní òfin, tó kàn ń rọ̀ bó ṣe wù ú, kò sẹ́ni tó lè mọ̀, òun kò jẹ̀bi, àmọ́ ọmọ náà kú lásán nìyẹn. Èwo ló sàn níbẹ̀? Kò mọ̀. Ó fẹ́ mọ̀ ṣáá. Ó fẹ́ kí nǹkan kan tó ju ẹnu èèyàn lọ sọ fún un.

Ilé ẹ̀kọ́ girama ni ìwé rẹ̀ mọ. Ó padà sí ìṣirò láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ọmọdé, ó ń ra ìwé àlòkù lọ́wọ́ ẹni tó ń pàtẹ lẹ́bàá ọ̀nà, èyí tí wọ́n ti fi bírò yàwòrán sí gbogbo etí rẹ̀. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń wá ìpíndọ́gba. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń wọn ohun tó lè ṣẹlẹ̀ àti ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀. Nígbà kan, ìdáhùn ẹ̀yìn ìwé sọ ọ̀kan, tirẹ̀ sọ òmíràn, ó fi oṣù méjì wá àṣìṣe ara rẹ̀, àṣé ìwé ló ṣì í tẹ̀. Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ yẹn bíi pé wọ́n fi í joyè.

Onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì títì, tí orí tirẹ̀ gan-an ti ń pá, kì í jẹ́ kó sinmi. "Bàbá Òjò, tẹ́ ẹ bá ti rí òfin òjò tán, ẹ bá mi wo òfin irun. Irun yìí ń lọ, mi ò sì mọ ẹni tí mo ṣẹ̀."

"Má yọ mí lẹ́nu," ni Bàbá Òjò á wí. "Gé irun onírun."

Nígbà tí ìṣirò kò tó o mọ́, ó bọ́ sọ́dọ̀ àwọn onírònú, àwọn tó fi gbogbo ayé wọn bi ara wọn léèrè bí èèyàn ṣe ń mọ ohun tó mọ̀. Ó ka ibì kan tó ti rí i pé ojú wa máa ń rí ohun kan, ó sì máa ń rí ohun kejì tó tẹ̀ lé e, àmọ́ ojú kankan kò rí "nítorí" tó wà láàárín àwọn méjèèjì rí. Òjò rọ̀, ògiri wó. "Nítorí" dà? Ó fi ìwé náà lélẹ̀. Nínú àwọn ìwé yẹn náà ló ti mú un pé ìrántí ń purọ́, ojú ń purọ́, ohun tí wọ́n bá wọ̀n tí wọ́n sì kọ sílẹ̀ nìkan lèèyàn lè fi ara tì. Ó gba ìyẹn gbọ́ tọkàntọkàn. Ẹni tó wo ojú ọ̀run lẹ́ẹ̀kan péré tó ní kò ní rọ̀, ṣé kò ní gbà á gbọ́?

Ó fẹ̀yìn tì. Wọ́n fún un ní aago ògiri kan tí kò ṣiṣẹ́ ju oṣù mẹ́ta lọ. Ọmọ rẹ̀ kejì, tó ti dàgbà, tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ̀ǹpútà, gbé ọ̀kan tí ilé ẹ̀kọ́ wọn ti pa tì wá fún un. Ó ń dún bí ẹ̀rọ ìlọta. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni Bàbá Òjò fi ìka kan tẹ iye gbogbo ọjọ́ sínú rẹ̀, ìwé kan lẹ́yìn òmíràn.

"Bàbá, ìwé kejìlá ńkọ́?" ni ọmọ náà béèrè.

"Fi sílẹ̀."

"Ọdún kan á já nínú ẹ̀ nìyẹn o."

"Mo ní o fi sílẹ̀."

Ọmọ náà fi í sílẹ̀. Ó wá fi hàn án bí yóò ṣe ní kí kọ̀ǹpútà fi òjò ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wé ti ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, kó fi wé ti ìkejì, ìkẹta, títí dé ọgọ́rùn-ún, bóyá àwọn kan á jọra ju àwọn yòókù lọ. Ẹ̀rọ náà rò ó, ó rò ó. Bàbá Òjò lọ wẹ̀, ó dé, ó ṣì ń rò ó. Nígbà tó yá, ìlà kan yọ lójú rẹ̀, ó lọ gbọọrọ, ó wá yọ iké níbì kan: ọjọ́ keje. Ó tún yọ iké ní ìkẹrìnlá. Ó tún yọ ọ́ ní ìkọkànlélógún.

Ó gbé kàlẹ́ńdà sílẹ̀, ó pín gbogbo òjò sí ọjọ́ méje. Sọ́ńdè ló kéré jù, ó kéré gan-an. Mọ́ńdè ló pọ̀ jù. Ó tún un ṣe ní ìgbà mẹ́rin, ohun kan náà ló ń bọ́ síbẹ̀. Àṣé òjò náà ń sinmi! Ọjọ́ kan nínú méje, òjò ń sinmi, tó bá di ọjọ́ kejì á fi agbára padà bí òṣìṣẹ́ tó sùn dáadáa. Ayé ní òfin. Ẹnì kan ló tò ó bẹ́ẹ̀.

Nígbà náà ni ohun tó fi ọdún mọ́kàndínlógún wá bọ́ sí i lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ pé Sọ́ńdè ni òjò fi ń sinmi, òjò tó rọ̀ ní Sọ́ńdè ọjọ́ yẹn, òjò tó rú òfin ni. Kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ní kò ní rọ̀, òótọ́ ló sọ. Bákan náà, ọmọ náà kò kú lásán, torí ohun tó rú òfin, ó ní ìdí tó fi rú u. Ọkùnrin náà gbé orí lé tábìlì, ó sunkún títí omi fi dà sórí bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà, ọmọ rẹ̀ ń pariwo pé, "Bàbá, ẹ̀rọ yẹn o!"

Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán, ó yí ojú padà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ta ló rẹ bẹ́ẹ̀ṣíìtì mi ní Sọ́ńdè tó kọjá?"

"Ẹyọ òjò kan kọ́ ni òfin. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ń sọ. Àwa ló ń rántí kìkì èyí tó bá bà wá nínú jẹ́. Ìwé kì í rántí, ó kàn ń sọ."

Ìyàwó rẹ̀ sún mọ́ tábìlì. Ó wo àwọn ìlà náà. "Ìyẹn ni pé kò sí bí ẹ ṣe fẹ́ mọ̀."

"Kò sí."

"Èmi náà tí mo rán an níṣẹ́ ńkọ́?"

"Kò sí bó o ṣe fẹ́ mọ̀."

Obìnrin náà jókòó tì í. Láti ọdún wọ̀nyí wá, àga tó wà lẹ́nu ọ̀nà ló máa ń jókòó lé, bí ẹni tó fẹ́ dìde. Lọ́jọ́ yẹn ó jókòó tì í, èjìká kan èjìká. Ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta ni wọ́n fi jẹun pọ̀ nínú abọ́ kan. Ìyàwó ń bú u pé ó ń jẹun kánkán jù, ọkọ náà ń bú u padà pé iyọ̀ ti pọ̀ jù. Ẹni tó bá rí wọn á rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra ni. Ó dára o. Ó dára títí.

Bàbá Òjò ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì àgbà. Kí ló dé tí kò fi jókòó jẹ́ẹ́? Ó fẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ pé òótọ́ ni, kó wà lákọsílẹ̀. Wọ́n rán ọ̀dọ́bìnrin kan wá, tó kàwé dé góńgó nínú ìmọ̀ ojú ọjọ́. Ó kúnlẹ̀ kí wọn, ó gba omi mu, ó wo gbogbo ìṣirò náà ojú ewé kan lẹ́yìn òmíràn. Ìyàwó Bàbá Òjò dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, aṣọ tó ń ká wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bàbá, mi ò ní tàn yín," ni ọ̀dọ́bìnrin náà wí. "Àwọn tí mo bá jáde ní yunifásítì, púpọ̀ wọn kò lè ṣe irú eléyìí. Ìṣirò yín kò ní àṣìṣe kan."

Bàbá Òjò yíjú sí ìyàwó rẹ̀ kó rí i dájú pé ó gbọ́.

"Ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan, sà. Ta ló máa ń ka agolo ní Sọ́ńdè?"

"Adelé kan ni. Ìta ìlú ló ń gbé."

"Ṣé ó máa ń wá?"

Bàbá Òjò rẹ́rìn-ín. "Èwo ni ó ń wá? Ìgbà tó bá wù ú ni. Ẹlẹ́mu ni."

"Tí kò bá wá, kí lẹ máa ń kọ síbẹ̀? Torí wọn kì í gba àlàfo."

"Tó bá di Mọ́ńdè, mo máa ń..." Ẹ̀rín náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. "Mo máa ń fi òdo síbẹ̀."

"Omi tó rọ̀ ní Sọ́ńdè ńkọ́?"

"Inú agolo ló wà."

"Ọjọ́ wo lẹ ń kọ ọ́ sí?"

Bàbá Òjò wo ìlà Mọ́ńdè lójú ìwé. Ọwọ́ rẹ̀ ló ti ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́ wá, orí rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Gbogbo Mọ́ńdè tí adelé bá ti pa iṣẹ́ jẹ, ó ti ń kọ òdo, ó ti ń ka omi ọjọ́ méjì pọ̀, kò sì rò ó rí, bí èèyàn kì í ṣe í ro ẹsẹ̀ tó kọ́kọ́ ki bọ ṣòkòtò. Ọ̀dọ́bìnrin náà rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní kì í ṣe tiyín nìkan, sà, ibùdó mẹ́rin mìíràn ló rí bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń mọ ibi tí wọn kì í ti í lọ ka agolo ní Sọ́ńdè. Ó ní òjò ò mọ ọjọ́ kankan. Ó tọrọ àforíjì bíi pé òun ló ṣẹ̀. Nígbà tó ń lọ, ó tún kúnlẹ̀.

Bàbá Òjò wọ yàrá. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó wọ́ ìwé kejìlá jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Okùn rẹ̀ ti le, kò tú. Ìyàwó rẹ̀ mú sísọ́ọ̀sì wá fún un. Ó gé okùn náà, ó ṣí oṣù náà, ó fi ìka wá ọjọ́ náà.

"Kí ni wọ́n kọ?" ni ìyàwó rẹ̀ béèrè.

"Òdo."

Òdo róbótó ni, ẹnu rẹ̀ pa dé dáadáa, bí ọkùnrin náà ṣe máa ń kọ gbogbo òdo rẹ̀. Mọ́ńdè tó tẹ̀ lé e jẹ́ mìlímítà mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún, irú rẹ̀ kò sí nínú gbogbo ìwé yòókù.

"Kí ni ìyẹn ń sọ?"

"Pé òjò kò rọ̀."

"Ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni."

Ohun tó sọ lójú fèrèsé náà nìyẹn. Ó sọ ọ́ ní ọ̀sán Sọ́ńdè, ó sì lọ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ Mọ́ńdè, nígbà tí erùpẹ̀ sàréè ọmọ rẹ̀ kò tíì gbẹ. Ìyàwó rẹ̀ yọ bírò tó fi ń kọ orúkọ oníbàárà kúrò lápò, ó nà án sí i.

"Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí, nígbà náà. Kí ọmọ mi lè wà níbì kan."

Bàbá Òjò gba bírò. Ó fa ìlà gba àárín òdo náà kọjá. Ó fẹ́ kọ iye tó tọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Òjò ọ̀sán ọjọ́ yẹn àti èyí tó tún rọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, inú agolo kan ni wọ́n jọ wà.

"Mélòó ni?" ni ìyàwó rẹ̀ ní.

"Mi ò mọ̀."

"Kò sí bí ẹ ṣe lè mọ̀ ọ́n?"

"Mo ti dà á nù."

Obìnrin náà na ọwọ́. Ó gba bírò rẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó fi ìdérí rẹ̀ dé e, ó fi í sápò.

"Ìwọ," ló ní, bó ṣe pè é nírọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsìnkú, ó sì padà sídìí aṣọ tó ń ká.